Àbàwọ́n àti Nájísì Lára Fóòmù Ibùsùn: Bí A Ti Ń Fọ̀ Ọ́ Nínú Ilé

  

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olólùfẹ́ ilé kéwú wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ga. Ọ̀rọ̀ fóòmù tí à ń sùn lé ni. Lọ́dọọdún ni à ń rí fóòmù tí wọ́n jù sí ẹ̀yìn ilé àti sórí ààtàn káàkiri Ìlá Ọ̀ràngún níhìn-ín, títí dé Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì gbó. Ìtọ̀ ọmọ ló wọ̀ wọ́n, tàbí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ, àwọn tó ni wọ́n sì ti pinnu pé wọn kò lè mọ́ mọ́ láéláé. Àwọn mìíràn kò jù ú nù. Wọ́n kàn fọ́n lọ́fínńdà sí i, wọ́n tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, wọ́n ń sùn lórí rẹ̀, wọ́n sì ń kírun lórí rẹ̀. Èyí tó ju fóòmù nù fi owó ṣòfò, èyí tó da aṣọ bò ó fi ìrun rẹ̀ sínú ewu. Ibi kan náà ni àṣìṣe àwọn méjèèjì ti wá: wọn kò ya àbàwọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára nájísì.

Àbàwọ́n ni ohun tí ojú ń rí. Nájísì ni ohun tí sàríà pè ní ẹ̀gbin. Láálì tó ta sí fóòmù, tàdáwà, epo pupa, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀, àbàwọ́n lásán ni gbogbo wọn. Ènìyàn lè kírun lórí wọn láìfọ̀ wọ́n rárá, bí wọ́n tilẹ̀ burú lójú. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ tó ti gbẹ, tí kò fi àwọ̀ sílẹ̀, nájísì ni, bí fóòmù náà tilẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Nínú hádíìsì tí Anas gbà wá, ìyá àgbà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mulayka pe Ànábì wá jẹun nílé rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, Ànábì fẹ́ kírun fún wọn. Ẹní kan ló wà nílé náà, ó ti dúdú nítorí pípẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó. Anas wọ́n omi sí i, Ànábì sì kírun lórí rẹ̀. Dúdú tí ẹní náà dú kò sọ ọ́ di ẹ̀gbin.

Àwọn bàbá wa kò ní wàhálà yìí tó bẹ́ẹ̀. Ẹní ni wọ́n ń sùn lé. Bí ọmọ bá tọ̀ sí i, wọ́n á gbé e lọ sí ìdí kànga, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fi há orí ọgbà, kí oòrùn tó kanrí ó ti gbẹ. Lẹ́yìn ẹní ni tìmùtìmù tí wọ́n fi òwú àràbà kì, àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi koríko kì, èyí tí púpọ̀ nínú àwa tí a gbé ilé kéwú sùn lé. Wọn kò le fọ̀. Ẹ ó tú ojú rírán rẹ̀, ẹ ó da koríko nù tàbí kí ẹ sá òwú náà, ẹ ó fọ àpò rẹ̀, ẹ ó sì tún un kì. Ibùsùn Ànábì wa pàápàá, gẹ́gẹ́ bí Ìyá wa Aisha ti ròyìn rẹ̀ nínú ìwé Bukhari àti Muslim, awọ ni, fọ́nrán ọ̀pẹ dàbínù ni wọ́n kì sínú rẹ̀. (Kì í ṣe ọ̀pẹ ẹlẹ́mu tiwa yìí o!)

Fóòmù ló wá yí ọ̀rọ̀ padà. Ọdún 1962 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Vitafoam sílẹ̀ ní Nàìjíríà, díẹ̀díẹ̀ ni fóòmù sì wọ ilé tálákà àti olówó. Ohun tó mú kí ó dẹ̀ lẹ́yìn ẹni náà ló mú kí ó ṣòro fọ̀. Inú rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, afẹ́fẹ́ ló sì kún inú àwọn ihò náà. Bí ìtọ̀ bá dà sí i, yóò lé afẹ́fẹ́ jáde, yóò sì máa sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Ohun tí ẹ rí lókè lè má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ yí fóòmù náà padà, ẹ ó rí i pé ó ti fẹ̀ tó àwo ìjẹun nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fi àkísà tútù nu òkè rẹ̀ nìkan kò tíì ṣe ohunkóhun.

Ìbéèrè tí àwọn ìyá ọmọ máa ń bi wá ni pé: “Ẹ̀yin ààfáà, a kò lè fún fóòmù bí a ti ń fún aṣọ, báwo ni yóò ṣe mọ́?” Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú Mukhtasar Khalil, ìwé tí à ń kà ní ilé kéwú lẹ́yìn tí a bá ti ka Akhdari àti Risala. Ohun tí Khalil sọ ní ìlànà Málíkì ni pé a óò fọ ibi tí nájísì bà bí a bá mọ ibẹ̀. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, a óò fọ gbogbo ibi tí a ń ṣe iyèméjì sí. Fífún kì í ṣe dandan. Adùn nájísì náà gbọ́dọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n àwọ̀ àti òórùn tó bá ṣòro láti mú kúrò, a ti ṣàmójúkúrò rẹ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ yìí ti bá fóòmù mu, bẹ́ẹ̀ sì ni fóòmù kò sí láyé nígbà tí wọ́n kọ ìwé náà.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú hádíìsì pẹ̀lú. Ará oko kan wọ mọ́sálásí Ànábì ní Mẹ̀dínà, ó sì tọ̀ sí igun kan nínú rẹ̀. Àwọn sàábé fẹ́ fò mọ́ ọn. Ànábì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó parí. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n gbé omi korobá kan wá, kí wọ́n sì dà á sórí ibẹ̀. Ta ló lè fún ilẹ̀? Omi tó borí ìtọ̀ náà ló sọ ibẹ̀ di mímọ́. Khawla ọmọ Yasar náà, tí kò ní ju aṣọ kan lọ, bi Ànábì léèrè nípa ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tí kò fẹ́ parẹ́ lára aṣọ. Ànábì dá a lóhùn pé omi tó o, àpá rẹ̀ kò ní pa á lára. Abu Dawud ló gba èyí sínú ìwé rẹ̀. Àwọn onímọ̀ hádíìsì kan sọ̀rọ̀ sí ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n àwọn onífíkìhì di ìdájọ́ rẹ̀ mú.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sídìí iṣẹ́ náà gan-an.

Bí ìtọ̀ bá ṣì tutù, ẹ mú àkísà gbígbẹ tó nípọn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú agbára ọwọ́, kí ẹ máa pààrọ̀ àkísà títí tí kò fi ní fa omi mọ́. Ẹ má fi ra á. Rírà ń tì í wọ inú ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ bọ́ aṣọ ara fóòmù, kí ẹ fọ ìyẹn lọ́tọ̀. Ẹ gbé fóòmù jáde, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nàró sórí búlọ́ọ̀kù méjì. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: ibi tí ìtọ̀ wà ni kí ó kọjú sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fi í sókè, omi ìdọ̀tí yóò gba inú ibi tó mọ́ kọjá, ẹ ó sì ti sọ ẹ̀gbin ibi kan di ti gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá fi kẹ́tù àlùwàlá máa da omi sí ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ gbé abọ́ funfun sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè rí omi tó ń jáde. Omi àkọ́kọ́ yóò pọ́n, yóò sì máa rùn. Ẹ dà á nù síbi tí ẹsẹ̀ kì í gbà, nítorí omi tí nájísì ti yí padà, nájísì ni òun náà. Kò sí iye ìgbà kan pàtó tí sàríà pa láṣẹ lórí èyí. Nígbà tí omi bá ń jáde bí ó ti wọlé, láìsí àwọ̀, láìsí òórùn, ó ti tán. Fún fóòmù tó nípọn tó ínǹṣì 6, ẹ má retí pé kẹ́tù kan yóò tó o.

Ọṣẹ ńkọ́? Ọṣẹ dára, pàápàá ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi eérú èèpo kòkó sè. Ṣùgbọ́n ní ìlànà Málíkì, omi tó mọ́ gaara nìkan ló ń mú ìdájọ́ nájísì kúrò, kì í ṣe omi ọṣẹ, kì í ṣe Dettol, kì í ṣe fínígà. (Abu Hanifa gbà pé fínígà lè mú un kúrò, Málíkì kò gbà.) Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fi bá àbàwọ́n jà, ẹ jẹ́ kí omi lásán kẹ́yìn rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí yóò fi hó, wọ́n sì gbé e sínú oòrùn pẹ̀lú hóhò ọṣẹ nínú rẹ̀. Ọṣẹ tó gbẹ sínú fóòmù tún máa ń fa eruku mọ́ra.

Òórùn ìtọ̀ tó ti pẹ́ ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ jùlọ. Nígbà tí ìtọ̀ bá pẹ́, kòkòrò tí ojú kò rí á sọ apá kan nínú rẹ̀ di amóníà, èyí tó ń ta ènìyàn nímú. Apá mìíràn á gbẹ sínú àwọn ihò fóòmù bí iyọ̀ wẹ́wẹ́ tí kì í yára yọ́ nínú omi tútù. Ìdí nìyí tí fóòmù tí kò rùn nígbà ọyẹ́ fi ń rùn padà nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ da fínígà funfun àti omi pọ̀ ní ìdọ́gba, kí ẹ rin ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ jáde. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹ fi omi lásán tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ẹ bu bakin sóódà sí i, kí ó sùn mọ́jú, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n nù lówùúrọ̀. Bí àwọ̀ pupa rẹ̀ bá ṣì ń dun yín, hydrogen peroxide tí wọ́n ń tà ní ilé òògùn, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìpín 3 nínú 100, yóò mú un fúyẹ́. Ẹ kọ́kọ́ kán an sí igun fóòmù kí ẹ wò ó. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ ohunkóhun. Inú ìgò dúdú rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí ó máa gbé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń pa agbára rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀. Omi gbígbóná ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí ó ń sè é mọ́ ibẹ̀ bí a ti ń se ẹyin. Omi tútù pẹ̀lú iyọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ kọ́kọ́ ha ojú rẹ̀ kúrò, bí Ànábì ti kọ́ àwọn obìnrin láti ha ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù kúrò lára aṣọ kí wọ́n tó fi omi fọ̀ ọ́. Àpá tó bá kù lẹ́yìn èyí, ẹ rántí ọ̀rọ̀ Khawla. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó owó dírámù kan, àwọn Málíkì ti ṣàmójúkúrò rẹ̀. Àtọ̀ ẹni tó lálàá náà, omi tútù ni, nájísì sì ni lọ́dọ̀ wa, bí Sháfíì tilẹ̀ sọ pé ó mọ́. Kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé ilé kéwú má ṣe tijú láti gbé fóòmù wọn jáde nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá fi í pamọ́ ló yẹ kó tijú.

Àwọn àbàwọ́n tí kì í ṣe nájísì, ẹ má fi wọ́n pa ara yín. Epo pupa, ẹ bu láfún gbígbẹ lé e kí ó fa epo náà fún wákàtí kan, kí ẹ gbọ̀n ọ́n nù, kí ẹ tó fi ọṣẹ díẹ̀ kàn án. Báírò, ẹ fi òwú tí ẹ rì bọ inú spírítì máa tẹ̀ ẹ́. Tàdáwà tí wọ́n fi ẹ̀ẹ́dú ṣe kò ní kúrò, ọmọ tó bá dà á sí fóòmù ti kọ orúkọ ilé kéwú sí i nìyẹn. Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ kejì sókè.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá rèé. Àwọn kan máa ń da Jik lé ìtọ̀ lórí fóòmù nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì. Jik àti amóníà inú ìtọ̀ a máa bí èéfín tó ń fún ènìyàn lọ́fun. Jik àti fínígà burú ju ìyẹn lọ: kúlórínì ni wọ́n ń bí, irú afẹ́fẹ́ olóró kan náà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọdún 1915, tí ó pa àwọn ọmọ ogun nínú kòtò tí wọ́n sá sí. Ẹ má jẹ́ kí Jik dé ibi tí ìtọ̀ tàbí fínígà wà rárá. Ó tún ń jẹ fóòmù.

Ìkejì ni òtapìapìa tí wọ́n ń fín sí fóòmù nítorí ìdun. Májèlé tó wà nínú púpọ̀ nínú wọn, dichlorvos, ni NAFDAC torí rẹ̀ fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ ní ọdún 2019. Fóòmù a máa fà á mu bí ó ti ń fa ìtọ̀ mu, ọmọ yóò sì fi imú lé e láti alẹ́ dòwúrọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹrosíìnì náà, iná ló ń wá. Omi híhó ni kí ẹ dà sí ojú oríkèé àkéte onígi, ibẹ̀ ni ìdun ń yé sí. Ẹ se aṣọ ibùsùn nínú omi gbígbóná, kí ẹ sì di fóòmù sínú rọ́bà tó nípọn, láìsí ojú ihò, fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí ìdun lè pẹ́ láìjẹun. Ní ti àmì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, Risala sọ pé ẹ̀jẹ̀ èèrà ara aja kì í ṣe dandan láti fọ̀ àyàfi bí ó bá pọ̀ jù, ti ìdun náà bá a mu.

Fífọ odidi fóòmù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Nígbà òjò, ibi tó bàjẹ́ nìkan ni kí ẹ fọ̀, nítorí fóòmù tí kò gbẹ dénú yóò hu èbu. Ẹ jẹ́ kí ó nàró níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Oòrùn díẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sínú oòrùn gangan fún ọjọ́ púpọ̀: yóò pọ́n, yóò sì máa fọ́ wẹ́wẹ́ bí àkàrà àná. Kí ẹ tó dá a padà sórí àkéte, ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ tẹ àárín rẹ̀ pẹ̀lú eékún. Bí aṣọ náà bá rin, kò tíì gbẹ. Lálẹ́, ẹ máa gbọn ojú ibùsùn kí ẹ tó sùn. Súnnà ni, Ànábì ní kí a fi etí aṣọ gbọ̀n ọ́n, nítorí a kò mọ ohun tó wọ ibẹ̀ lẹ́yìn wa.

A kò lè sọ̀rọ̀ fóòmù kí a má dárúkọ ọmọ tó ń tọ̀ọ́lé. Ní ilé kéwú kan tí a mọ̀, wọ́n ń ru fóòmù lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí yí ọgbà ká lówùúrọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e, wọ́n á máa pè é ní atọ̀ọ́lé. Ọ̀kan nínú wọn kò padà wá lẹ́yìn ìsinmi. Kéwú rẹ̀ dúró níbẹ̀. Kí ni ọmọ náà ṣe? Ànábì sọ pé a ti gbé kálámù kúrò lórí ẹni tó ń sùn títí yóò fi jí, àti lórí ọmọdé títí yóò fi bàlágà. Ọmọ tó tọ̀ lójú oorun ti bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àgbàlagbà tó fi ojú ara rẹ̀ sílẹ̀ tó tọ̀ sí mọ́sálásí pàápàá, Ànábì kò jẹ́ kí wọ́n nà án.

Àwọn dókítà ti rí i pé ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé: bí bàbá tàbí ìyá bá tọ̀ọ́lé ní kékeré, ọmọ lè ṣe é. Ẹlòmíràn, oorun rẹ̀ ló wúwo jù, tàbí kí ara rẹ̀ máa ṣe ìtọ̀ púpọ̀ lóru. Ẹ dín omi rẹ̀ kù lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, kí ó tọ̀ kí ó tó sùn, kí ẹ sì jí i lẹ́ẹ̀kan lóru. Ẹ fi rọ́bà bo fóòmù rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, iṣẹ́ yín á dín kù. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́fà tó sì tún bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ìtọ̀ ń ta á lára, tàbí tí òùngbẹ ń gbẹ lódìlódì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìtọ̀ ọmọ ọwọ́, ọkùnrin tàbí obìnrin, fífọ̀ ni lọ́dọ̀ Málíkì.

Ó ku àwọn àgbàlagbà wa. A mọ àwọn bàbá àti ìyá tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tí ìtọ̀ ń bọ́ lára wọn láìmọ̀, tí wọ́n sì ti pa ìrun tì nítorí wọ́n ní fóòmù àwọn kò mọ́. Kò sí ẹni tó lè máa gbé fóòmù jáde lábẹ́ aláìsàn nígbà márùn-ún lóòjọ́. Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, tó kọ Risala, tó sì kú ní ọdún 386 Híjírà, ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí: aláìsàn tó wà lórí ibùsùn tí nájísì bà lè tẹ́ aṣọ mímọ́ tó nípọn lé e, kí ó sì kírun lórí aṣọ náà. Kí ó nípọn ni o, kí ó má jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọ̀rinrin yóò là kọjá. Aṣọ òkè àtijọ́ dára fún un, tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká sí méjì. Méjì ni kí àwọn ọmọ rẹ̀ wá fún un, kí ọ̀kan wà lórí ibùsùn, kí èkejì máa gbẹ lórí okùn.